Màmá Kìkì, Ẹni Tó Kọ́ Iná Mànàmáná Ní Sùúrù

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 1941, ni a bí màmá wa, ẹni tí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ pé jọ lónìí mọ̀ sí Màmá Kìkì, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé alájà kan tó fara ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Agbélẹ́tà ni bàbá tó bí wọn, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin gíga tí gìgísẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ máa ń jẹ ṣáájú tọ̀tún nítorí pé èjìká òsì ló fi ń gbé àpò. Ìyá wọn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní títẹ tàípù nínú pálọ̀ ilé náà. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ní lẹ́tà "k" mọ́, ẹni tó bá pẹ́ dé ló sì máa ń jókòó sídìí rẹ̀. Màmá nìkan ni ọmọ tí agbélẹ́tà àti olùkọ́ tàípù bí fún ara wọn. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ kejì ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń rákòrò.

Màmá máa ń sọ fún wa pé kí àwọn tó mọ A yàtọ̀ sí B ni etí àwọn ti mọ ìgbà tí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bá lọ pọ̀ àti ìgbà tó bá tú ká. Bó bá tú ká, tí kálukú ń tẹ tirẹ̀, ariwo á gba pálọ̀ bíi yìnyín lórí páánù. Ìyá wọn kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í gbá tábìlì. Pẹ́ńsù ni wọ́n á mú, wọ́n á máa fi kan etí ẹ̀rọ tó sún mọ́ wọn jù, jẹ́jẹ́, títí ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ á fi bọ́ sí i. Nígbà náà ni wọ́n á tó sún sí ẹlòmíràn. Kó tó pẹ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á ti di ọ̀kan.

Ọdún 1947 ni màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1952, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá wọn ṣubú lẹ́nu géètì ilé kan ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta lọ́wọ́. Bàbá náà kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, kò sì kígbe. Dókítà tó wá tu ìyá wọn nínú jókòó lórí àga tàípù kan, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ọkàn wọn ló ṣàdédé gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀."

Màmá tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yọ orí síta. Wọ́n ní, "Ṣé kò wá sẹ́ni tó lè rán an létí ni, sà?"

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́kún. Dókítà nìkan ni kò sunkún. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mi ò mọ̀." Màmá sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọ àwọn lójú: àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tó wo ojú ọmọdé, tó sì ní òun ò mọ̀.

Ìyá wọn fi kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kún ti àárọ̀ kí ọmọ má bàa jókòó sílé. Láti 1960 títí di 1964, màmá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní yunifásítì. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n nínú kíláàsì, obìnrin méjì péré. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú yàrá iṣẹ́, olùkọ́ kan rí wọn tí wọ́n di wáyà mú, ó ní, "Arábìnrin, ẹ rọra o. Iná ò mọ obìnrin."

Màmá dáhùn pé, "Kò mọ ọkùnrin náà, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù rẹ̀."

Olùkọ́ yẹn ló kọ ìwé ẹ̀rí tó gbé wọn wọ ilé ìwòsàn ńlá ní 1964, láti máa tún àwọn ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ṣe. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá iṣẹ́ wọn wà. Kò ní fèrèsé, páìpù omi gbígbóná sì gba òkè àjà rẹ̀ kọjá, tí èèyàn fi máa ń làágùn níbẹ̀ nínú òtútù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ ni èyí tó ń ya lílù ọkàn sórí ìwé gígùn. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọn kì í gbà pé ó dáa títí wọ́n á fi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n á máa wo ìlà bó ṣe ń jáde, tí wọ́n á sì máa fi ẹnu wọn tẹ̀ lé e: "Kìkì, kìkì, kìkì, kì… áà, ó fo ọ̀kan." Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ wọ́n ní Arábìnrin Kìkì. Ọjọ́ orí ló sọ orúkọ náà di Ìyá Kìkì, kó tó wá di Màmá Kìkì.

Ní 1967 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, télọ̀ tó ń rán kóòtù ní òpópónà tó dojú kọ ilé ìwòsàn. Màmá mú kóòtù iṣẹ́ wọn funfun lọ bá a pé kó bá àwọn fi àpò mọ́kànlá sí i. Bàbá sọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. "Mọ́kànlá ṣe jẹ́, arábìnrin? Ṣé ẹ fẹ́ máa kó ilé rìn ni?" Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un: àpò wáyà pupa, àpò wáyà dúdú, àpò bátìrì, ti nọ́ọ̀tì kéékèèké, ti pẹ́ńsù. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìrẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá gbà á, àpò méjìlá ló wà lára kóòtù náà. Bàbá ní èyí tó ṣẹ́kù ni ti búrẹ́dì, nítorí pé ó hàn lójú wọn pé wọn kì í jẹun ọ̀sán. Ìgbéyàwó náà wáyé kí ọdún tó yípo, a sì bí àwa mẹ́ta sí i: ọkùnrin kan, obìnrin méjì.

Láti 1972 dé 1976, màmá padà sí yunifásítì, wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì fún wọn ní yàrá ìwádìí tiwọn. Ọkùnrin kan tí a ń pè ní Bàbá Wáyà ni olùrànlọ́wọ́ wọn níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun pọ̀ láìgbọ̀n. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ bí iná mànàmáná ṣe ń darí ọkàn. Nítorí iná wà nínú olúkúlùkù wa. Òun ló ń pàṣẹ fún ọkàn láti fún pọ̀ kó sì tú sílẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́. Bí àṣẹ náà bá dàrú, ọkàn kò ní lù mọ́. Á kàn máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lọ síbi tó yẹ.

Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Alápatà kan máa ń fún wọn ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, màmá á gbé e sáré wá nínú kúlà, wọ́n á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ní iyọ̀ àti ṣúgà, ṣàn gba inú rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún wákàtí mélòó kan. Ìyàwó alápatà náà gbà pé oúnjẹ ni wọ́n ń sè. Ọjọ́ kan ló fa màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ máa fi ẹ̀dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà míì. Ọkàn nìkan lójoojúmọ́, kì í ṣe ara lóore."

Ohun tó yí ìgbésí ayé wọn padà ṣẹlẹ̀ ní 1987. Olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, obìnrin tó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ara wọn ní ilé ìwòsàn yẹn. Bí ọkàn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rọ náà á da iná tó pọ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìgbọ̀n á dúró, lílù á sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán màmá lọ yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Màmá sọ fún un bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi ló ń gbà là. Mi ò ṣàìmoore. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe é, bí ìgbà tí ẹṣin bá ta èèyàn nípàá láyà ni. Lóṣù tó kọjá, mo gbé ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ nígbà tó ṣe é. Ọmọ yẹn já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ ni pé orí ibùsùn ló bọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ọmọ mọ́."

Màmá rìn dé ilé lọ́jọ́ náà dípò kí wọ́n wọ ọkọ̀. Àwa ọmọ rántí, nítorí pé wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá nídìí máṣíìnì, wọn kò bọ́ bàtà, wọ́n sì ní, "Bí gbogbo ọmọ kíláàsì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kò sí ọ̀nà míì ju ká gbá tábìlì lọ ni?" Bàbá kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá fúnra wọn ló wá dáhùn: "Ìyá mi kì í gbá tábìlì."

Bí ìwádìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èrò wọn ni pé dípò iná ńlá kan tó ń kígbe mọ́ gbogbo ọkàn, kí a fi iná kéékèèké márùn-ún kan án léraléra, lásìkò tí ibi tó sún mọ́ wáyà bá ń sinmi. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sí i, á fa èyí tó tẹ̀ lé e, títí gbogbo rẹ̀ á fi padà sójú kan. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1995, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: nínú ogún ọkàn, mọ́kàndínlógún gbọ́ràn, láìlo iná tó pọ̀. Àwọn ènìyàn kọ̀wé kí wọn láti òkè òkun. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn gbé fọ́tò wọn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá rán kóòtù tuntun fún wọn, èyí tí kò ní ju àpò méjì lọ, ó ní ẹni ńlá kì í kó ẹrù kiri.

Oṣù karùn-ún ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ yí bìrí. Bàbá Wáyà ń palẹ̀ mọ́ láti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fa tábìlì kúrò lára ògiri, ó rí i pé wáyà ilẹ̀, èyí tó ń da iná tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀, lára ẹ̀rọ tó ń gba ìró ọkàn sílẹ̀ fara kan ti ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná. Ó pe màmá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Iná ń gba ibẹ̀ wọlé tí ẹnikẹ́ni kò kà. Èyí tó ń dé ọkàn jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kì í ṣe iná kékeré ló mú ọkàn mọ́kàndínlógún yẹn gbọ́ràn rárá.

Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Èmi ni mo jó o, Ọ̀mọ̀wé. Èmi ni mo bà yín jẹ́."

Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jó o, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ fà mí dìde, ká lọ sọ."

Ọ̀gá ẹ̀ka kò fẹ́ gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ rọra tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Bó bá dáa tán, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ti àtijọ́."

Màmá ní, "Ọ̀gá, dókítà kan wà níbì kan tó ń ka ohun tí mo kọ báyìí. Á gbà mí gbọ́. Á lọ fi sára èèyàn."

"Ẹ ó dójú ti gbogbo wa."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi."

Wọ́n kọ lẹ́tà fún ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n fa iṣẹ́ àwọn yọ, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ láìfi bò. Ìyá tiwọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà, ló tẹ lẹ́tà náà. Ó ní bí ọmọ òun bá fẹ́ jẹ́wọ́, òun kò ní jẹ́ kí àṣìtẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fọ́tò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba yàrá ńlá lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń kí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ bí wọ́n bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọ kò rí ẹkún màmá rí kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù bàbá, láàárín àwọn kóòtù tí a kò tíì rán tán, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Bàbá kò sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ó mú apá kóòtù kan tó ti rán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u níwájú wọn, òwú kan lẹ́yìn òwú kan. Ó ní, "Wò ó, èyí wọ́. Aṣọ tó bá wọ́, títú là ń tú u. Ojú kì í ti abẹ́rẹ́."

Bàbá Wáyà kò fẹ̀yìn tì mọ́. Ọdún méje gbáko ni àwọn méjèèjì tún lò nínú yàrá àga kíkán yẹn. Wọ́n rí i pé ìfọwọ́kàn márùn-ún ò tó, àti pé àwọn ti ń kánjú jù. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nílò, àlàfo àárín wọn kò sì gbọdọ̀ dọ́gba. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ọkàn, kó dúró de ìsinmi rẹ̀, kó tó kàn án. Màmá máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé iná yára ju gbogbo ohun tó wà láyé lọ, nítorí náà sùúrù ni ẹ̀kọ́ tó le jù láti kọ́ ọ. Ní 2003, wọ́n tún tẹ iṣẹ́ jáde. Ọkàn mẹ́rìnlá ló gbọ́ràn nínú ogún. Màmá kọ mẹ́rìnlá, wọ́n sì to mẹ́fà tó kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rò pé ó fà á.

Ìwé yẹn ni wọ́n mú lọ sí ilé olùkọ́ àgbà ìjọ́sí. Obìnrin náà ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ṣílẹ̀kùn, ó ní ìyá-ìyá òun ni wọ́n ń bèèrè. Màmá wò ó, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ tó já bọ́ sórí ibùsùn nìyẹn. Wọ́n fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ohun tí ìyá-ìyá rẹ̀ sọ fún àwọn ní 1987. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rò pé ìyá-ìyá òun ò fẹ́ràn òun ni.

Ní 2005, ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà yìí fún àwọn tí òkè ọkàn wọn ń gbọ̀n, irú èyí tí kì í pani lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti irú kejì, èyí tó le jù, ṣì kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ màmá ló ń bá a lọ títí di òní. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn náà kan ilẹ̀kùn tiwa. Bàbá ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni ṣísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, oògùn kò sì ràn án. Dókítà ọkàn tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Dókítà Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀, ní ọ̀nà méjì ló wà: iná ńlá ti àtijọ́, tàbí ti màmá.

Màmá kọ̀ láti yan. Wọ́n gbé ìwé fún bàbá, wọ́n sì ka mẹ́fà tó kọ̀ yẹn sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ẹ̀sùn ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má wo ojú mi. Ẹ wo ìwé."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ lo ti ń wọ aṣọ tí mo rán. O ò bi mí rí pé mélòó ló fà ya. Jẹ́ kí n wọ tìẹ náà."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Màmá kò wọ yàrá náà. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkàn tó ń gbọ̀n. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àkọ́bí wa àti àbígbẹ̀yìn, wọ́n tẹ ìka mọ́ ọrùn ọwọ́ ara wọn, wọn kò sì fèsì ìkíni ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, Dókítà Jẹ́jẹ́ jáde. Ó ti yọ ìbòmú rẹ̀. Màmá dìde.

"Dókítà, ẹ sọ̀rọ̀."

"Bàbá ní kí n bá àwọn bi yín ní nǹkan kan, Màmá."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní ìgbà wo gan-an la fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ojú màmá yí padà. "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"A ti parí, Màmá. Ó ti ń lù déédéé láti ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Wọn ò mọ̀ ni. Wọn ò mọ nǹkan kan lára."

Ẹ̀rín tí màmá rín lọ́jọ́ náà, tí ẹkún dà mọ́ ọn, tó mú kí àwọn nọ́ọ̀sì yọjú láti ilẹ̀kùn mẹ́rin, a kò gbọ́ irú rẹ̀ ṣáájú, a kò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá lo ọdún mọ́kànlá sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìwé ilé ìwòsàn fi hàn pé ẹni ọ̀ọ́dúnrún àti méjìlá ló ti gba ìtọ́jú yìí níbẹ̀ títí di ọdún tó kọjá.

Ní ti ẹ̀sìn, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni màmá. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fi àyè ìjókòó han àwọn ènìyàn. Ohùn orin wọn kò dára, àwọn náà mọ̀, olórí akọrin bẹ̀ wọ́n nígbà kan pé, "Ẹ dákun, Màmá, Ọlọ́run ń gbọ́ ti inú náà o." Arákùnrin kan bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ìjọ bóyá ẹni tó ń fi iná darí ọkàn ọmọ ènìyàn kò bá Ẹlẹ́dàá du iṣẹ́. Màmá wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Òun ló dá ojú yín náà, arákùnrin, ẹ sì wọ gíláàsì wá jọ́sìn fún un."

Láti 1998 títí di 2019, ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ wa máa ń kún. Màmá ń kọ́ àwọn ará àdúgbò bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tó bá dákú kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Bàbá rán tìmùtìmù kan bí àyà ènìyàn, ó fi bọ́tìnnì kan sí ibi tí ọwọ́ yẹ kó wà, gbogbo wa sì ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Tìmùtìmù. Onígbàjámọ̀ òpópónà wa kò wá rí; ó ní òun ò lè máa bá tìmùtìmù jìjàkadì. Ní 2011, ó ṣubú lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lọ́ọ̀ọ́kán, tó ti wá sí pálọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ló kúnlẹ̀ tì í, tó ń tẹ àyà rẹ̀, tó sì ń ka iye rẹ̀ sókè, títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Onígbàjámọ̀ náà wà láàárín yín lónìí. Láti ìgbà tí orúnkún màmá kò ti jẹ́ kí wọ́n lè kúnlẹ̀ mọ́, òun ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2008. Bàbá fi wá sílẹ̀ ní 2017, nípasẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn rẹ̀ kò sì ṣe ségesège títí dé ìparí. Lẹ́yìn rẹ̀, màmá kó lọ sí yàrá iwájú kí wọ́n lè máa gbọ́ ìró òpópónà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ọkàn tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Dókítà Jẹ́jẹ́, tí òun náà ti hewú, wá sílé fúnra rẹ̀ láti sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ kékeré sí i. Àwa ọmọ náà bẹ̀ wọ́n. Inú bí àkọ́bí wa, ó ní ṣé ẹni tó gba ẹgbàágbèje ọkàn là ni kò ní gba tirẹ̀. Màmá jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ wà fún ọkàn tó gbàgbé. Tèmi ò gbàgbé nǹkan kan. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2024, oòrùn ń wọ yàrá iwájú dé ẹsẹ̀ ibùsùn. Àbígbẹ̀yìn wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì di ọwọ́ wọn mú, ó ń kà á sínú. Màmá ní, "Kà á síta, kí n gbọ́." Ó ń kà á síta. Bó ṣe dé ọgbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ń sáré jù. Dúró dè é." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Láàárín iye kan sí èkejì, àlàfo ń gùn sí i, títí tó fi dúró pẹ́, tí kò sí ohun tó kù láti kà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: àkọ́bí, tó ń kọ́ afárá, èkejì, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, àti àbígbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tí wọ́n gbé mọ́ àyà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn tó sì sùn síbẹ̀. Wọ́n fi ìyàwó ọmọ, àwọn ọkọ ọmọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, Bàbá Wáyà tó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, àti gbogbo ẹ̀yin ará àdúgbò sílẹ̀.

Ìyá wa, aya télọ̀, ọmọ agbélẹ́tà, iṣẹ́ yín ti pé. Kí Ẹni tó dá yín gbà yín pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín bí orí ibùsùn yín. A óò máa tọ́jú ara wa, bí ẹ ṣe ní ká ṣe. Ẹ sùn ire, Màmá.